Líǹkì àti mount lórí Linux: bí fáìlì yín kò ṣe ní í há sábẹ́ díráìfù

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ LAUTECH ti tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa ní Under G, flash lọ́wọ́ kálukú, project ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ jáde. Mo tan kọ̀ǹpútà, ó ní ààyè ti tán lórí dísìkì. Dísìkì tí mo wò lálẹ́ àná tó ṣì ní ààyè yanturu! Mo lo `df -h`, ó ní ó ti kún dẹ́nu. Mo lo `du` láti mọ fódà tó jẹ ààyè náà. `Du` ka gbogbo ilé, kò rí ju ìdajì lọ. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní, "Ọ̀gá, àbí fáírọ́ọ̀sì ni?"

Fáírọ́ọ̀sì kọ́. Líǹkì kan ni, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, tó ń tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà díráìfù tí kò sí nílé. N óò padà sórí ẹ̀. Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dán líǹkì àti mount wò níbi tí wọn ò ti lè ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ubuntu ni mo ń lò, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ bá Debian, Fedora àti Linux Mint mu.

Ìwé pélébé àti ẹní

Symlink, tí èmi yóò máa pè ní líǹkì, kì í ṣe fódà. Ìwé pélébé ni, tí a kọ ọ̀nà sí: "Dé Tákíé, kí o tó béèrè ilé mi." Kẹ́nẹ́lì, ìyẹn ọkàn Linux, ló ń ka ìwé yìí, ìgbàkigbà tí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá ló sì ń tún un kà. Bí wọ́n bá ti wó ilé náà lánàá, ìwé kò mọ̀. Bí wọ́n bá kọ́ ilé mìíràn síbẹ̀, ilé tuntun ni yóò mú yín lọ. Láti 1983 tí líǹkì ti wà nínú 4.2BSD, ìyẹn Unix àtijọ́ kan, ló ti ń hùwà báyìí.

Mount ní tirẹ̀ dà bí ẹní. Ẹ mú díráìfù, ẹ tẹ́ ẹ bo fódà kan, fódà yẹn sì di ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sọnù, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí i mọ́ títí ẹ ó fi ká ẹní.

Ó yẹ kí èyí tó, àbí? Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìwé bá ń tọ́ka sí ibi tí ẹní wà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣe ibi ìdánwò

Ẹ kò nílò flash. Linux lè fi mẹ́mọ́rì ṣe díráìfù kékeré fún yín, tmpfs ni wọ́n ń pè é. Ẹ ṣí terminal:

```
mkdir -p ~/idanwo/ile ~/idanwo/ibomiran
cd ~/idanwo
echo "mo wa nile" > ile/iwe.txt
ln -s ile ona
ls -l
```

Ẹ óò rí ìlà kan tó fi lẹ́tà `l` bẹ̀rẹ̀, tó sì parí pẹ̀lú `ona -> ile`. Ẹ wo iye báìtì rẹ̀: 3 ni. Lẹ́tà mẹ́ta tó wà nínú "ile" nìyẹn. Gbogbo ohun tó wà nínú líǹkì náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ gbé díráìfù gun líǹkì

Ọ̀pọ̀ ló rò pé kò ní gbà, tàbí pé líǹkì náà ni yóò yí padà. Ẹ jẹ́ ká wò ó.

```
sudo mount -t tmpfs -o size=20m tmpfs ona
ls ona
ls ile
findmnt -t tmpfs
```

Fódà méjèèjì ṣófo. `iwe.txt` ti wọ abẹ́ ẹní. Nínú ohun tí `findmnt` tò sílẹ̀, ẹ wá ìlà tiyín: `/home/oga/idanwo/ile` ló wà níbẹ̀ (orúkọ yín ni yóò wà nípò `oga`), kò sí `ona` níbẹ̀ rárá. Kẹ́nẹ́lì ti ka ìwé náà, ó ti dé ilé, ibẹ̀ ló tẹ́ ẹní sí. Líǹkì kò lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ibi tó tọ́ka sí ló ń di ẹnu ọ̀nà.

Ẹ wá jẹ́ ká yí líǹkì padà nígbà tí ẹní ṣì wà nílẹ̀:

```
ln -sfn ibomiran ona
sudo umount ona
```

Yóò dáhùn pé `not mounted`. Òótọ́ ló sọ. `ona` ti di ọ̀nà `ibomiran`, kò sì sí ẹní níbẹ̀. Èyí tí ẹ tẹ́ ṣì wà lórí `ile`, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé ẹ ti yí ìwé kankan padà. Ẹ fi orúkọ gidi ká a:

```
sudo umount ile
cat ile/iwe.txt
```

Ó ti padà.

Ẹ má fojú kéré `n` inú `-sfn` yẹn o. Bí ẹ bá kọ `ln -sf` lásán nígbà tí `ona` bá ń tọ́ka sí fódà, `ln` kò ní pààrọ̀ líǹkì náà. Inú fódà yẹn ni yóò wọ̀ lọ láti ṣe líǹkì tuntun síbẹ̀, ẹ ó wá máa yẹ̀ ẹ́ wò pé kí ló dé tí nǹkan kò yí padà. Odindi ọ̀sán kan ni mo fi jìyà ẹ̀ nígbà kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀

Ọ̀nà oríṣi méjì ni a lè kọ sínú líǹkì. Ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti gbòǹgbò, ìyẹn `/`, bíi `/data/ise`. Ìkejì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí líǹkì fúnra rẹ̀ wà, bíi `../ise`. Mo ní ibi tí *líǹkì* wà, kì í ṣe ibi tí ẹ̀yin dúró sí nígbà tí ẹ ń kọ ọ́. Àṣìṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ pọ̀ níbí ju ibòmíràn lọ. Bí orí bá rú yín, ẹ fi `ln -sr` kọ ọ́, yóò bá yín ṣírò ọ̀nà náà.

Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti gbòǹgbò ló ń fa wàhálà bí díráìfù bá kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn. Ẹ wò ó báyìí. Ẹnì kan kọ ìwé fún yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé, "Láti ààfin, ya ọ̀tún, ilé kẹta." Ẹ mú ìwé náà lọ sí Ọ̀yọ́. Ọ̀yọ́ ní ààfin. Ẹ ó dé ibẹ̀, ẹ ó ya ọ̀tún, ẹ ó ka ilé mẹ́ta, ẹ ó sì kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín pé ààfin Sọ̀ún ni ìwé náà ń wí, kì í ṣe ti Aláàfin.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù kan wá tí kò tàn mọ́, mo yọ dísìkì rẹ̀, mo so ó mọ́ ẹ̀rọ mi, mo sì gbé e gun `/mnt`. Oníbàárà náà ní líǹkì kan tó ń jẹ́ `Iwe`, tó ń tọ́ka sí `/data/iwe`. Mo wọ `/mnt/home/` rẹ̀, mo wọ `Iwe`, mo rí fáìlì rẹpẹtẹ. Inú mi dùn. Àfi bí mo ṣe rí orúkọ tí mo mọ̀ níbẹ̀: fáìlì tèmi ni! Gbòǹgbò tí kẹ́nẹ́lì mọ̀ ni gbòǹgbò ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Èmi náà ní `/data/iwe`, ibẹ̀ ló sì mú mi lọ. Bí mo bá ti pa ohunkóhun rẹ́ lábẹ́ líǹkì yẹn, tèmi ni ǹ bá pa rẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń bá ènìyàn kó fáìlì jáde lára dísìkì rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé kí ẹ tó tẹ̀ lé e:

```
readlink /mnt/home/onibara/Iwe
```

Bí èsì bá fi `/` bẹ̀rẹ̀, ẹ fi `/mnt` ṣáájú rẹ̀ fúnra yín: `/mnt/data/iwe`. Bí ó bá jẹ́ pé líǹkì pọ̀ jù, ẹ lo `sudo chroot /mnt`. Ìyẹn yóò sọ `/mnt` di gbòǹgbò fún gbogbo àṣẹ tí ẹ bá pa nínú rẹ̀, àwọn líǹkì náà yóò sì padà sí ìlú wọn.

Èyí tó ní `../` náà ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tirẹ̀. Bí líǹkì bá wà ní òkè pátápátá nínú díráìfù, tí a sì kọ `../` sínú rẹ̀, yóò gba ẹnu ọ̀nà jáde kúrò nínú díráìfù náà sínú fódà tó wà lókè ẹnu ọ̀nà. Ibikíbi tí ẹ bá gbé díráìfù náà gùn, ibẹ̀ ni yóò ti jáde. Ẹ jẹ́ kí líǹkì tó wà nínú díráìfù máa tọ́ka sí inú díráìfù kan náà, kí ó má sì gòkè kọjá ibi tí díráìfù ti bẹ̀rẹ̀. Irú bẹ́ẹ̀ ló ń bá díráìfù rìn láìṣìnà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fáìlì tó há sábẹ́ ẹní

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. SSD 120GB ni Ubuntu mi wà lórí rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn oníbàárà wà lórí díráìfù 1TB kan tó wà níta, tó ní wáyà iná tirẹ̀, `/data` sì ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kí n má baà máa kọ `/data` lójoojúmọ́, mo ṣe líǹkì `Ise` sínú home mi, mo ní kí ó tọ́ka sí `/data`. Lálaalẹ́, ní aago méjì, cron, tó ń bá mi ṣe iṣẹ́ ní àkókò tí mo bá dá fún un, a máa fi rsync, tó ń da fáìlì kọ, kó iṣẹ́ ọjọ́ náà lọ síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi root, ìyẹn ọ̀gá pátápátá lórí kọ̀ǹpútà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà iná lọ, ó dé, ó tún lọ, ó tún dé. Kọ̀ǹpútà tan ara rẹ̀ padà. Díráìfù kò jí. Mo ti kọ `nofail` sí i, pé kí kọ̀ǹpútà máa bá iṣẹ́ lọ bí díráìfù kò bá tiẹ̀ sí, nítorí náà Ubuntu wọlé láìwẹ̀yìn. Aago méjì lù. rsync tẹ̀ lé líǹkì dé `/data`. Ṣé `/data` wà? Ó wà. Ẹnu ọ̀nà ṣá ni, fódà òfìfo lórí SSD, bí ilé tí wọ́n ká ẹní rẹ̀ kúrò nílẹ̀. rsync kò mọ ìyàtọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sórí ilẹ̀ títí SSD fi kún. Láàárọ̀, mo tún gbogbo rẹ̀ tàn, díráìfù jí lọ́tẹ̀ yìí, ó sì tẹ́ ara rẹ̀ lé gbogbo ẹrù náà lórí. Ìdí nìyẹn tí `df` fi ń kígbe tí `du` kò sì rí nǹkan kan.

Bí irú rẹ̀ bá bá yín, ẹ kò ní láti ká díráìfù kúrò. Ẹ ṣí fèrèsé kejì sí gbòǹgbò:

```
sudo mount --bind / /mnt
sudo du -sh /mnt/data
sudo ls /mnt/data
```

`--bind` yóò fi SSD hàn yín ní `/mnt`, àwọn díráìfù tó gùn ún kò sì ní bá a wá. Nítorí náà `/mnt/data` ni ilẹ̀, `/data` ni ẹní. Ẹ kó ẹrù náà sí fódà ọ̀tọ̀, kí ó má baà tẹ èyí tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀:

```
sudo rsync -a /mnt/data/ /data/lati-abe/
```

Ẹ yẹ `/data/lati-abe` wò dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó tó pa ohun tó wà nínú `/mnt/data` rẹ́. Ẹ ka àṣẹ náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ Enter: bí ẹ bá gbàgbé `/mnt`, iṣẹ́ oníbàárà lẹ ń pa rẹ́ yẹn. Nígbà tí ó bá parí, `sudo umount /mnt`.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí ó má tún ṣẹlẹ̀

Líǹkì kò gbọdọ̀ tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí ó tọ́ka sí fódà tó wà *nínú* díráìfù:

```
sudo mkdir /data/ise
sudo chown $USER: /data/ise
ln -sfn /data/ise ~/Ise
```

Bí díráìfù kò bá sí nílé, `/data/ise` kò sí, líǹkì yóò já, kò sì sí ibi tí ẹrù yóò balẹ̀ sí. `cp` yóò kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní kọ nǹkan gba inú líǹkì tó já. Ìkọ̀ yẹn gan-an ni a ń fẹ́.

Ìdè kejì ni pé kí ẹ ti ilẹ̀ pa. Ẹ ká díráìfù kúrò kí ẹ tó ṣe é o, torí bí ẹ bá ṣe é nígbà tó wà lórí rẹ̀, òkè díráìfù ni ẹ ó tì pa:

```
sudo umount /data
sudo chattr +i /data
sudo mount /data
```

Láti ìgbà náà, root pàápàá kò lè da nǹkan sí ilẹ̀ `/data`. Mount ṣì ń gùn ún bó ṣe yẹ. Lórí ext4, ìyẹn ọ̀nà tí Ubuntu mi ń gbà to fáìlì sórí dísìkì, ni mo ti ń lò ó.

Ìdè kẹta, fún cron nìkan:

```
mountpoint -q /data && rsync -a /home/oga/skani/ /data/ise/
```

Nínú `/etc/fstab`, fáìlì tí Linux ń kà láti mọ díráìfù tí yóò gbé gùn bó bá ń tàn, UUID, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ díráìfù, ni kí ẹ lò, `lsblk -f` yóò fi hàn yín. Ẹnu ọ̀nà tí ẹ óò kọ síbẹ̀, kí ó jẹ́ orúkọ gidi, kì í ṣe líǹkì. Systemd, tó ń gbé díráìfù gùn nígbà tí Ubuntu bá ń tàn, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹnu ọ̀nà mount kò gbọdọ̀ jẹ́ líǹkì. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, `readlink -f` yóò sọ orúkọ gidi. Lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ọ́ tán, `sudo findmnt --verify` yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tún ẹ̀rọ tàn.

Nígbà tí líǹkì kò tó

Àwọn ibì kan wà tí wọn kì í gba ìwé lọ́wọ́ àlejò. Samba, tí a fi ń pín fódà fún Windows, kì í jẹ́ kí líǹkì mú ènìyàn jáde kúrò nínú fódà tí a pín, àfi bí ẹ bá yí `wide links` padà, èmi kò sì gbà yín níyànjú. Ẹni tó wà nínú chroot náà kò lè gba líǹkì jáde. Bind ló tọ́ níbẹ̀:

```
sudo mount --bind /data/ise /home/oga/pin/ise
```

Láti Linux 2.4 ló ti wà. Bí ẹ bá fẹ́ kó wà títí, ẹ kọ ọ́ sí fstab lábẹ́ ìlà `/data`:

```
/data/ise  /home/oga/pin/ise  none  bind,nofail  0  0
```

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí. Bí ẹ bá fi `rm` pa líǹkì rẹ́, ìwé lásán ni ẹ fà ya, ilé ṣì wà. Bí ẹ bá lo `rm -r` lórí bind, ilé gan-an ni ẹ ń wó, yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn, nítorí ilẹ̀kùn kejì sí ilé kan náà ni. `umount` ni a fi ń yọ bind, kì í ṣe `rm`.

Àwọn kéékèèké

Flash tí wọ́n ń tà káàkiri, FAT32 tàbí exFAT ló sábà máa ń wà lórí wọn. Ẹ kò lè ṣe líǹkì sínú wọn. `Operation not permitted` ni ẹ ó gbọ́, sudo kò sì lè ràn yín lọ́wọ́.

Bí umount bá ní `target is busy`, ẹnì kan ṣì jókòó sórí ẹní, ó sì lè jẹ́ terminal tiyín tó gba líǹkì wọ ibẹ̀. `pwd -P` yóò sọ ibi tí ẹ wà gan-an, `sudo fuser -vm /data` yóò sì dárúkọ àwọn yòókù.

Díráìfù ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí? Láti kẹ́nẹ́lì 5.10, ẹ lè fi `-o nosymfollow` gbé e gùn, kẹ́nẹ́lì kò sì ní tẹ̀ lé líǹkì kankan tó wà nínú rẹ̀. Àṣìṣe tí yóò kọ ni `Too many levels of symbolic links`, èyí tó máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí òun náà ló ń kọ nígbà tí líǹkì bá ń yí ara wọn po, tó sì kọjá 40.

Èyí tó kàn wá gẹ́gẹ́ bí Yorùbá: Linux gba orúkọ fódà tó ní àmì. Ṣùgbọ́n kí kọ̀ǹpútà kọ `ọ`, ọ̀nà méjì ló ní: ó lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ `o` tí a fi àmì kún. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú ext4, báìtì ló ń wò, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo ti rí líǹkì tó já, tí mo fi ṣe wéra pẹ̀lú orúkọ fódà lẹ́tà sí lẹ́tà tí n kò rí ìyàtọ̀. Ìdí nìyí tí fódà mi fi ń jẹ́ `ise` àti `ile` láìlámì, bó tilẹ̀ ń dun mí.

Ibi ìdánwò tí a ṣe ńkọ́? Ẹ rí i dájú pé kò sí ẹní lórí rẹ̀ mọ́, kí ẹ tó kó o kúrò:

```
cd ~
findmnt -t tmpfs | grep idanwo
rm -r idanwo
```

Bí ìlà kejì bá mú nǹkan kan jáde, ẹ lọ ká ìyẹn ná.